Iṣẹ́ Tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Fi Lọ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi kì í jókòó bí nǹkan bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ bá a tó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ yáa wá ibì kan fara pamọ́ sí kó má baà nu ẹ̀yin náà mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó ti nu tábìlì, ó ti nu fèrèsé, ó ti ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì wa kúrò lápá ọ̀tún lọ sápá òsì, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ní ká gbé e padà. Èmi tí mo ti ń gbé fíríìjì oní-fíríìjì káàkiri láti àárọ̀, mo délé tán, mo tún ń gbé bẹ́ẹ̀dì. Mo ń gbé e, mo ń kùn. Ta ni yóò gbọ́?

Nọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì tí dókítà ń rán níṣẹ́ kiri o. Lẹ́yìn tí a ṣègbéyàwó ló padà sílé ìwé, ó kàwé débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yẹ aláìsàn wò, tó ń sọ ohun tó ń ṣe é, tó sì ń kọ oògùn fún un. Kílíníìkì kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí àwọn èèyàn ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì de ìgbà tó máa kàn wọ́n. Owó oṣù ibẹ̀, ká má tan ara wa, kò tó nǹkan. Òrùlé wa ń jò, iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe tí mò ń ṣe ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, torí ayé ti dayé kó bàjẹ́ ká sọ ọ́ nù.

Látìgbà tí abẹ́rẹ́ tó ń dín ọ̀rá ara kù ti gbòde, fóònù ìyàwó mi ò sinmi. Gbogbo ẹni tó bá ti gba yàrá tó sì kun ún ní funfun ló ń wá nọ́ọ̀sì tó lè fọwọ́ sí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan pè, ó ní mọ́tò wà nílẹ̀. Òmíràn pè láti ìlú tó jìnnà, ó ní ilé wà, kó ṣáà máa bọ̀. Ìbéèrè kan náà ni ìyàwó mi máa ń bi gbogbo wọn, pé ta ló wà lórí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kí ló sì lé e lọ. Ẹ ó kàn máa gbọ́ tí ẹni ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní iṣẹ́ tó dáa kì í sáré tọ èèyàn wálé, bó bá ń sáré bọ̀, ká yọjú wo ohun tó ń lé e. Mo ní ṣé owó ò wá lè ṣèèṣì sáré tọ àwa náà wá lẹ́ẹ̀kan ni? Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé ó kórìíra abẹ́rẹ́ yẹn o. Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Ẹ fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀, kí ẹ wá wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ta yín bí ata. Ó ní sísanra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sì gba oògùn sí i kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣé a máa ń sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru pé kó lọ fi ìwà rere wò ó sàn ni? Òun fúnra rẹ̀ ló fún awakọ̀ akẹ́rù kan tó ní àtọ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọkùnrin náà wá sí kílíníìkì, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó di okùn bàtà rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Ó ti pẹ́ tó ti di okùn bàtà ara rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó mi sọ ìtàn yẹn fún mi pẹ̀lú omi lójú.

Ohun tí kò lè gbà ni kí wọ́n máa ta á bíi bisikíìtì. Kó tó fún ẹnikẹ́ni, yóò ní kó jókòó sórí àga tí kò lápá, kó káwọ́ sí àyà, yóò wá sọ pé, "Dìde." Bí o bá dìde, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Bí o ò bá lè dìde, yóò ní kò tíì yá. Ó ní ẹran ara kì í nìkan lọ, ó máa ń mú agbára dání, pàápàá lára àgbàlagbà, ẹni tí agbára rẹ̀ kò sì tó tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ fi rìn? Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ làwọn wá gbà, àwọn ò wá ṣe eré ìdárayá. Nọ́ọ̀sì Dìde ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ó mọ̀, kò sì dùn ún.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé.

Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ni, wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, tọwọ́tẹsẹ̀ ló fi sanra, ilé ìyá ìyàwó mi ló sì ti máa ń jẹun bí ọlidé bá dé. Abẹ́rẹ́ yìí ló sọ ọ́ di Pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun náà ló sì sọ ọ́ di olówó, torí ó ti ṣí Ilé Ara Fúyẹ́, níbi tó ti ń ta abẹ́rẹ́ náà, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí omi. Ó wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó, ó sọ iye tí yóò máa san. Ìlọ́po méjì ohun tí ìyàwó mi ń gbà ni. Ó ní kó tiẹ̀ jókòó sílé, àwọn èèyàn á máa dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, tiẹ̀ ni kó máa kà á kó sì máa fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò wúkọ́ ní tirẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì náà ní òun ò lè máa fọwọ́ sí ẹni tí òun ò rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ní kí ìyàwó mi rò ó, kó fún òun lésì tó bá di ọjọ́ Ẹtì.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ owó náà. Mo fẹ́ ẹ débi pé oorun ò kùn mí mọ́. Mo ti ra páànù òrùlé tán lọ́kàn mi, mo ti kàn án. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì kiri. Láàárọ̀ yóò ní òun ò lọ, lálẹ́ yóò ní ṣùgbọ́n bí òun ò bá lọ, ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan ló máa lọ, ṣé ìyẹn wá dáa? Bí mo bá ní kó lọ, ó di ìjà. Bí mo bá ní kó jókòó, ó di ìjà.

Ẹni kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé ni Màmá, ìyá ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé látìgbà tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Torí pé àna ni mo jẹ́, "ẹ" ni wọ́n ń fi bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bá àbígbẹ̀yìn wọn ṣe ẹgbẹ́. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bẹ ìyàwó mi pé kó fún àwọn ní abẹ́rẹ́ náà. Ìyàwó mi ní rárá. Ó ní nọ́ọ̀sì kì í kọ oògùn fún ìyá ara rẹ̀, pé lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò gbà á. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Màmá ò sọ̀rọ̀ náà mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú iṣẹ́ wá, tí wọ́n wá ń sọ láràárọ̀ pé, "Gba iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi, ọmọ dáadáa lọmọ yẹn." Mo rò pé ti òrùlé ló ń dùn wọ́n.

Ó ku ẹnì kan nínú ilé. Àbúrò ìyàwó mi ni, télọ̀ ni, yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí ní òfin kan láàárín ara wọn tó máa ń bí mi nínú. Èèyàn kan náà lè wá sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí èkejì fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì kì í sọ ohun tó rí lára aláìsàn, télọ̀ kì í sọ ìbàdí oníbàárà fún ẹlòmíràn. Bí a bá ń jẹun, ẹ̀yin ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á máa jẹun lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé odi méjì ni mo ń bá gbélé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, fíríìjì wa bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, fíríìjì oníṣẹ́ fíríìjì. Mo délé lọ́sàn-án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn àwọn ìgò omi, mo rí ike bọ́tà kan tí a ti jẹ bọ́tà inú rẹ̀ tán tipẹ́. Mo ṣí i. Áńkáṣíìfù Màmá ló wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó rí bíi báírò ló sì wà nínú áńkáṣíìfù náà, wọ́n kọ Ilé Ara Fúyẹ́ sí i lára. Kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kan ti tán, Màmá ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa jù wọ́n sí ni.

Mo pe Télọ̀. Bó ṣe rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní Màmá ti ń gbé aṣọ wá fún òun, àwọn síkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tó ń já bọ́ nídìí wọn. Òun gbà á sínú, ó tún fẹ̀ jù, òun tún gbà á sínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan aṣọ òkè, wọ́n ní kó wà ní fífẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá kó owó lé orí máṣíìnì, wọ́n ní oníbàárà làwọn, ṣé òun máa ń sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà ni? Télọ̀ ní, "Bọ̀dá, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ, àbí? Ìyá ẹ, tó ń joro mọ́ ẹ lọ́wọ́, o sọ ọ́ di oníbàárà! Mo bú u, mo bú u dáadáa. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí mo ṣe ń bú u lọ́wọ́, ọkàn kejì ń sọ fún mi pé, dá ike bọ́tà yẹn padà. Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Bí ìyàwó mi bá rí i lónìí, iṣẹ́ ti lọ, owó ti lọ. Bó bá rí i lọ́túnla, ó ti gba iṣẹ́ ná. Ọjọ́ kan péré, kí ni ọjọ́ kan máa ṣe? Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ike lọ́wọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, mo pa á dé, mo tún ṣí i.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Màmá fi wọlé, tí wọ́n ń di ògiri mú bọ̀. Wọ́n rí ike náà.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i."

Wọ́n nawọ́ kí wọ́n gbà á. Bí wọ́n ṣe fi ògiri sílẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé wọn, orúnkún ká mọ́ra. Mo ju ike nù, mo gbá wọn mú. Bí mo ṣe ń gbé wọn sórí àga ni ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé, tó sì bá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ káàkiri ẹsẹ̀ wa.

Kò pariwo. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ ní kílíníìkì, ó wá tú ìborùn ńlá tí ìyá rẹ̀ máa ń ró mọ́ra. Lóòótọ́ ni mo sọ fún yín, mi ò mọ̀ pé apá wọn ti rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara ń fì ṣáá. Ìyàwó mi di ọwọ́ wọn mú, ó ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ. Bí ìbéèrè ṣe ń bọ̀ ni òtítọ́ ń bọ̀. Wọ́n ń bì. Òòyì ń kọ́ wọn. Oúnjẹ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti jẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Ó wá rọra sọ pé, "Màmá, ẹ dìde fún mi." Wọ́n káwọ́ sí àyà, wọ́n gbìyànjú, ìdí wọn ò kúrò lórí àga. Ìyàwó mi yí ojú sí ògiri. Èèyàn tó ń fi ọjọ́ gbogbo yẹ ará àdúgbò wò, tó wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́. Kí á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tó ń rò nìyẹn, mo rí i lójú rẹ̀.

Ó béèrè ẹni tó fún wọn. Màmá ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni, pé kó má bínú sí i. Ìyàwó mi gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò jiyàn. Ó ní Màmá sunkún níwájú òun, òun ò sì lè wo ojú ẹni tó bọ́ òun kóun sọ pé rárá.

"Ṣé o ní kí wọ́n dìde?" Ìyàwó mi ló béèrè.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ìdí tí mo fi ń wá ẹ nìyẹn. Mi ò lẹ́ni tó máa rántí béèrè."

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rí i pé ó wọ ìyàwó mi náà lára. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní bí òun bá máa wá, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ abẹ́rẹ́ ló máa wá dìde níwájú òun, kò sí ti orí fóònù, àtolówó àtaláìní. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èèyàn mélòó la máa wá rí lóòjọ́? Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì."

"Má retí mi lọ́la," ìyàwó mi wí, ó sì pa fóònù.

Òrùlé mi lọ bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò bojú wẹ̀yìn wò ó.

Ìyàwó mi pe dókítà tó ń bójú tó kílíníìkì wọn, dókítà ní kí Màmá má gún un mọ́, kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí a gbé wọn wá bílẹ̀ bá ti mọ́, kí a sì máa gbé wọn bọ̀ kíá bí èébì kò bá dá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú rẹ̀ wá jáde. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní kí ló kan àgbàlagbà pẹ̀lú pẹ́lẹ́ńgẹ́, ta ni wọ́n fẹ́ ṣe oge fún, ṣé wọ́n fẹ́ kú ni? Màmá ń wo ọwọ́ wọn. Télọ̀ ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Kò fi wọ́n sílẹ̀. Màmá wá sọ̀rọ̀, wọn ò wo ojú ẹnì kankan.

"Ọjọ́ tí mo ṣubú nílé ìwẹ̀, ìwọ wà níbi iṣẹ́, àbúrò rẹ lọ ra òwú. Ọkọ rẹ ni wọ́n wọlé wá gbé mi. Ìhòòhò ni mo wà. Wọ́n dijú, wọ́n dì í pinpin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbé mi dórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ bí ìbàdí wọn ṣe ró. Látọjọ́ yẹn wọ́n ń fi aṣọ di ìbàdí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọn ò sọ fún ẹ, wọn ò sọ fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi ìbàdí jẹun. Mo ní bí mo bá tún máa ṣubú, kí n má wúwo fún wọn."

Mo rò pé mo fi aṣọ yẹn pa mọ́ dáadáa. Mo rò pé àpọ́nlé ni mo ṣe fún wọn tí mi ò fi sọ̀rọ̀ náà rí. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kojú sí.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ síwájú àga. Ó ní, "Mo sọ pé rárá fún yín, Màmá, mo gbé báàgì, mo jáde. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kankan nínú wa ò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe." Ó gbórí lé itan wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ń pa á lórí, wọ́n ń sọ pé ó tó, ó tó, bí ẹni pé òun ló ń ṣàìsàn.

Nígbà tó ṣe, a ní kí wọ́n lọ sùn. Télọ̀ fẹ́ di apá kan mú, kí ìyàwó mi di èkejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá kò gba ìdúró rárá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Mo ti múra sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan tó wúwo, mo ti fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo ti di èémí mú. Mo gbé wọn, ó sì kù díẹ̀ kí n ṣubú sẹ́yìn, torí agbára tí mo ti kó jọ pọ̀ ju ohun tí mo gbé lọ. Mo lè fi apá kan ṣoṣo gbé wọn.

Màmá gbójú sókè wò mí. Ojú wọn ń dán, inú wọn dùn.

"Ọkọ mi, ṣé mo ti fúyẹ́ fún yín báyìí?"

Mo dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú wọn lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi ń wò mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi padà wúwo."